Ìtẹ̀ Kan fún Àṣẹ Púpọ̀: Macro àti Ààlà Rẹ̀ Nínú Géèmù Orí Kọ̀ǹpútà

Ohun tí àwọn agbágéèmù ń pè ní macro ni àkójọ àṣẹ tí ènìyàn ti tò sílẹ̀ ṣáájú, tí ó sì fi pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnì kan ṣoṣo lórí kíbọ́ọ̀dù, débi pé bí ó bá tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò mú àwọn àṣẹ náà ṣẹ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú géèmù kọ́ ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ti ń fi orúkọ kúkúrú kan dúró fún ọ̀pọ̀ ìlà àṣẹ tí wọn kò fẹ́ máa kọ ní àkọtúnkọ. Nígbà tí ó sì di ọdún 1976, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Richard Stallman àti Guy Steele kó ọ̀pọ̀ irú àkójọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ di ohun èlò ìkọ̀wé tí a mọ̀ sí Emacs, èyí tí akọ̀wé ṣì lè ní kí ó ṣọ́ ìtẹ̀ ọwọ́ òun lónìí, kí ó sì tún un ṣe ní ìgbà 10 tàbí ìgbà 100. Nínú ọ́fíìsì, ìṣẹ́jú tí akọ̀wé bá fi macro jèrè kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú géèmù tí ènìyàn ti ń bá ènìyàn díje, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹnì kan jèrè lè jẹ́ ìdí tí ẹlòmíràn fi pàdánù, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kì í bi akọ̀wé fi di èyí tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀: iṣẹ́ tí a rí yìí, ṣé ènìyàn ni ó ṣe é, àbí ẹ̀rọ?

Géèmù tí a ti lè yẹ ìbéèrè yìí wò dáadáa ni World of Warcraft, èyí tí ilé-iṣẹ́ Blizzard Entertainment ní ìpínlẹ̀ California gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá a, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń pàdé nínú ayé kan náà, tí oníkálukú ń darí ẹ̀dá kan tí ó fúnra rẹ̀ yàn, yálà jagunjagun, ọdẹ, oṣó, tàbí àlùfáà tí ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sàn. Ọfọ̀ àti ọgbọ́n ìjà tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní pọ̀ débi pé bọ́tìnì tí agbágéèmù tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń lò lójú ìjà sábà máa ń lé ní 20, bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ òsì tí ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù kò ju márùn-ún lọ. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, àwọn ogun tí ó le jù nínú géèmù náà ń fẹ́ ènìyàn 40 tí yóò jọ jà lẹ́ẹ̀kan náà, àlùfáà tí ó bá wà láàárín wọn sì ní láti máa fi máòsì tọ́ka sí orúkọ ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó pe ọfọ̀ ìwòsàn, kí ó sì tún padà sọ́dọ̀ ọ̀tá tí ó ń bá jà tẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn tó tún ṣubú.

Blizzard kò fi ọ̀rọ̀ macro sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan; inú géèmù náà gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan yóò tẹ /macro sí ibi tí àwọn agbágéèmù ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fèrèsé kan yóò sì ṣí, níbi tí yóò ti fún macro náà lórúkọ, tí yóò yan àwòrán kékeré kan fún un, tí yóò kọ àṣẹ rẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì fi máòsì fa àwòrán náà lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnì ìjà rẹ̀. Àmì / ni ó ń ṣíwájú àwọn àṣẹ náà: /cast ni ti ọfọ̀ pípè, /use ni ti lílo nǹkan tí ẹ̀dá náà gbé dání tàbí tí ó wọ̀, /target ni ti yíyan ẹni tí a fẹ́ dojú kọ. Macro kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 255 lọ, àlàfo àti àmì pẹ̀lú, àyè 120 ni ó sì wà fún èyí tí gbogbo ẹ̀dá tí ẹnì kan ní lè jọ máa lò, láìka èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nìkan. Ìwọ̀n lẹ́tà yìí kéré, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní ṣókí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn oṣó fẹ́ràn jù kò ju ìlà méjì lọ:

/stopcasting
/cast Counterspell

Kí a tó lè mọ ìwúlò rẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọfọ̀ nínú géèmù yìí ni a kì í parí lójú ẹsẹ̀. Oṣó a máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá ń pè é, bí ẹ̀dá náà bá sì ti wà lẹ́nu ọfọ̀ kan, òmíràn kì í lè jáde. Counterspell ni ọfọ̀ tí a fi ń gé ọfọ̀ mọ́ ọ̀tá lẹ́nu. Bí ọ̀tá bá bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó lè pa gbogbo ẹgbẹ́ nígbà tí oṣó ṣì wà láàárín tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá tirẹ̀ dúró, kí ó tó wá gé ti ọ̀tá, gbogbo rẹ̀ sì ní láti parí láàárín ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan. Macro oníìlà méjì yìí so ìdádúró àti ìgékúrú náà pọ̀ mọ́ ìtẹ̀ kan. Kò sọ fún oṣó pé ọ̀tá ń pe ọfọ̀, kò sì sọ èyí tí ó yẹ kí ó gé àti èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ó kọjá, nítorí náà ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá sí lára ọ̀tá kò ní jèrè ohunkóhun níbẹ̀.

Ti àlùfáà tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà @mouseover sínú ìlà ọfọ̀ ìwòsàn, ọfọ̀ náà yóò lọ sára ẹnikẹ́ni tí atọ́ka máòsì bá wà lórí rẹ̀ lásìkò náà, láìjẹ́ pé àlùfáà fi ọ̀tá tí ó dojú kọ sílẹ̀ rárá. Ká ní ìwòsàn kan ń gba ìtẹ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀, tí a sì ń ṣe é ní ìgbà 200 ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìtẹ̀ 600 ni ọwọ́ yóò ṣe. Macro á sọ ọ́ di 200, ìtẹ̀ 400 á sì ti kúrò lọ́rùn ọwọ́. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, èrè tí ó tóbi jù kì í ṣe ti ìṣẹ́jú tí a jèrè. Ojú tí ó ti ń sá láti ara ìjà lọ sí orí bọ́tìnì, tí ó tún ń sá padà, ti ráyè dúró sí ojú kan, ẹni náà sì wá lè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó gbójú lé e.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ibí yìí lè máa rò pé ó ṣeé ṣe kí a kọ gbogbo ìjà sínú macro kan, kí a sì máa tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo títí ọ̀tá yóò fi kú. Àwọn tí ó ṣe géèmù náà ti ronú kan ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọfọ̀, géèmù máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ kí òmíràn tó lè jáde, macro kò sì lè fo ògiri yìí, débi pé bí a bá to irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ márùn-ún sínú macro kan, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jáde, àwọn ìyókù á sì já sí asán. Kò sí àṣẹ tí a lè fi ní kí macro dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú. EverQuest, tí ó jáde ní ọdún 1999, gba àwọn agbágéèmù tirẹ̀ láàyè láti kọ ìlà márùn-ún sínú macro kọ̀ọ̀kan, àṣẹ /pause sì wà tí ó ń jẹ́ kí macro náà sinmi láàárín ìlà kan àti èkejì. Blizzard kò gba irú rẹ̀ láyè. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni /castsequence, tí ń to ọfọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni yóò máa jáde fún ìtẹ̀ kan, ẹni tí kò bá tún tẹ̀ ẹ́ kò ní rí èkejì.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ààlà yìí fìdí múlẹ̀. Yàtọ̀ sí macro, World of Warcraft fàyè gba àfikún, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí àwọn agbágéèmù fúnra wọn ń kọ ní èdè Lua, èdè tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga PUC tí ó wà ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Brazil. Láàárín ọdún 2005 sí 2006, àfikún kan tí ń jẹ́ Decursive gbilẹ̀ láàárín àwọn àlùfáà àti àwọn oníwòsàn mìíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú èpè, àrùn àti májèlé kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́, ọ̀nà tí ó sì ń gbà ṣe é ni pé bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì kan, àfikún náà yóò yẹ gbogbo ènìyàn 40 wò, yóò wá ẹni tí èpè wà lára rẹ̀ rí, yóò yàn án, yóò sì pe ọfọ̀ tí ó tọ́ sí i. Àlùfáà kò nílò láti mọ ẹni tí ó wò sàn. Ìka rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń ronú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń múra sílẹ̀ fún ìpín tuntun géèmù wọn, The Burning Crusade, wọ́n gbé àtúnṣe 2.0 jáde, láti ìgbà náà ni àfikún kò sì ti lè yan ẹni tí a ó dojú kọ tàbí ọfọ̀ tí a ó pè mọ́ nígbà tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀. Macro gba agbára díẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ nínú ohun tí ó lè béèrè: ó lè béèrè bóyá ẹni tí a dojú kọ jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá, bóyá ó ti kú, bóyá ènìyàn di bọ́tìnì Shift mú, bóyá ẹ̀dá rẹ̀ wà lórí ẹṣin, ṣùgbọ́n kò lè béèrè iye ẹ̀mí tí ó kù lára ẹnikẹ́ni, kò lè mọ̀ bóyá májèlé wà lára rẹ̀, kò sì lè mọ̀ bóyá ọfọ̀ kan ti ṣetán.

Ẹni tí ó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè lóye ohun tí àtúnṣe yìí ń dáàbò bò. Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀, 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kíkó ọmọ inú ilé kan àti pípín in ká àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọdé lè kọ́ ní ọ̀sán kan. Ilé tí ó yẹ ká kó, lẹ́yìn tí ojú ti ka ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ alátakò, tí ọkàn sì ti rí ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí, ni ó ń fi ọ̀ta hàn yàtọ̀ sí òpè. Bí ẹ̀rọ kan bá ń bá arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pín ọmọ ayò láti inú ilé tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ka sí, arúgbó náà ni ó ṣì ń ta ayò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ilé, kò sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ mọ́, àfi ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí ó fi dára pé Blizzard gbé ààlà rẹ̀ sí ibi tí ó gbé e sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọ̀pọ̀ àlùfáà kò dùn nígbà náà.

Àwọn mìíràn wá ọ̀nà àbáyọ lẹ́yìn odi géèmù. AutoHotkey, ètò ọ̀fẹ́ fún Windows tí ó ti wà láti ọdún 2003, ń jẹ́ kí ènìyàn kọ irú macro tí ó bá wù ú fún ohunkóhun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù Logitech G15 tí ó jáde ní ọdún 2005 sì ní bọ́tìnì àfikún 18 tí ènìyàn lè fi ìtẹ̀ pamọ́ sí, pẹ̀lú ìwọ̀n àkókò tí ó wà láàárín ìtẹ̀ kan àti òmíràn. Ohun èlò tí ó tọ́ ni wọ́n. Akọ̀wé àti onímọ̀ ìṣirò ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ṣùgbọ́n nínú géèmù, wọ́n lè dúró díẹ̀ kí wọ́n tún tẹ̀, wọ́n sì lè máa bá a lọ nígbà tí ẹni tí ó ni wọ́n ti sùn. Glider ni ó mú èyí dé òpin rẹ̀: ètò tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Arizona ń tà, tí ó ń bá ènìyàn gbá World of Warcraft láti alẹ́ mọ́jú, tí ó ń pa ẹranko, tí ó sì ń kó ìkógun, tí ó tún ń fara pamọ́ fún Warden, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí Blizzard fi ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn tí ń gbá géèmù náà. Ẹjọ́ wọn dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni ilé-ẹjọ́ náà sì sọ pé ẹni tí ó lo Glider rú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Blizzard, ṣùgbọ́n kò tìtorí bẹ́ẹ̀ jí iṣẹ́ ọpọlọ wọn. Títa ohun tí ń yẹ Warden sílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ta ko òfin. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Blizzard tún fòfin de àwọn ètò tí ń pín ìtẹ̀ kan sí ọ̀pọ̀ àkáǹtì, èyí tí ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo darí ẹ̀dá márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ààlà kan náà kò lè bá gbogbo géèmù mu, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí. Nínú Counter-Strike 2 ti ilé-iṣẹ́ Valve, ìbọn ni wọ́n ń yìn, ìbọn ẹni tí ó ń sáré kì í sì ba ohun tí ó fojú sùn dáadáa. Ẹni tí ó bá ń sáré lọ sí òsì pẹ̀lú bọ́tìnì A gbọ́dọ̀ tẹ D fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró lójijì, kí ó tó yìnbọn, àwọn tí ó gbóná nínú géèmù náà sì ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí kọ́ ọwọ́ wọn ní ìtẹ̀ kékeré yìí. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Razer gbé ohun kan jáde nínú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí ó pè ní Snap Tap: bí A àti D bá wà nílẹ̀ pọ̀, èyí tí a tẹ̀ kẹ́yìn ni kíbọ́ọ̀dù yóò kà, bí ìka àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ tíì gbéra. Kò pẹ́ rárá, ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tí Valve fi kéde pé àwọn yóò máa lé ẹni tí ó bá ń lò ó kúrò nínú ìdíje tí ó ń lọ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ àwọn, wọ́n sì ka àwọn macro tí ń so ìrìn àti ìjà pọ̀ sábẹ́ ìtẹ̀ kan mọ́ ọn. Snap Tap kò ronú fún ẹnikẹ́ni, kò sì yan ohunkóhun. Bí ó bá ṣe ti World of Warcraft ni, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú géèmù ìbọn, ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń fi díje, ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ fún ẹ̀rọ ti gbé ìdíje náà fúnra rẹ̀ fún un. Ibi tí ìdíje wà nínú géèmù ni ó yẹ kí ààlà macro wà, ìyẹn kì í sì í ṣe ojú kan náà láti géèmù kan sí òmíràn.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sàn kí ó ka òfin géèmù tirẹ̀ ná, kí ó sì wá iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ní àṣetúnṣe jù. Ère ìdánwò wà ní àwọn ìlú ńlá World of Warcraft, bí i Stormwind àti Orgrimmar, tí ènìyàn lè máa lù láìsí ewu, níbẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti dán macro tuntun wò, nítorí pé lẹ́tà kan tí a ṣì kọ nínú orúkọ ọfọ̀ ti tó láti sọ bọ́tìnì náà di aláìwúlò. Ẹ̀kọ́ tí ó wọ́n jù ni ti àṣẹ /run, tí ń jẹ́ kí macro mú ìlà Lua ṣẹ: ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dàlẹ̀ kan ń rọ àwọn agbágéèmù láti kọ ìlà kúkúrú kan tí ó dà bí ohun tí kò lè pani lára, ẹni tí ó bá sì ti kọ ọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn láti máa pàṣẹ fún ẹ̀dá rẹ̀ láti òkèèrè, títí kan kíkó wúrà tí ó wà lápò rẹ̀. Blizzard fi ìkìlọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n macro tí ènìyàn kò lè ka ìtumọ̀ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò yẹ ní lílò.

Ó ku àwọn tí macro ṣe pàtàkì sí jù, àwọn ni ọ̀rọ̀ òfin sì máa ń gbàgbé. Títẹ bọ́tìnì kan náà ní àìmọye ìgbà lójoojúmọ́ lè dá ìrora sí iṣan ọrùn ọwọ́ àti ti ìka, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kò sì lè fojú kéré ìtẹ̀ 400 tí ó kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní alẹ́ kan. Àwọn kan wà tí ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àwọn mìíràn sì wà tí ìka méjì péré ni ó ń gbọ́ tiwọn. Láti ọdún 2004 ni ẹgbẹ́ AbleGamers ní Amẹ́ríkà ti ń jà fún irú wọn, ní ọdún 2018 sì ni Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde, ohun ìdarí tí ó ní bọ́tìnì ńláńlá méjì àti ihò púpọ̀ tí a lè ki oríṣiríṣi ohun ìtẹ̀ mìíràn bọ̀, kí oníkálukú lè fi ẹsẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ tàbí àgbọ̀n rẹ̀ gbá géèmù. Fún àwọn wọ̀nyí, ìtẹ̀ kan fún àṣẹ púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò tí a jèrè. Bí kò bá sí i, wọn kò lè wọlé rárá.

Ó jọ pé Blizzard náà ti ronú sí wọn, nítorí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nínú àtúnṣe 11.1.7, ilé-iṣẹ́ tí ó ti kọ̀ fún macro láti ronú fún nǹkan bí ọdún 19 fi bọ́tìnì kan sínú géèmù wọn tí ń yan ọfọ̀ ìjà tí ó kàn fún ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá: ẹni tí ó bá lò ó yóò dúró díẹ̀ sí i láàárín ọfọ̀ kan àti èkejì ju ẹni tí ó ń yan tirẹ̀ lọ, kò sì sí bí ó ṣe lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n nínú géèmù náà dọ́gba. Owó ibodè yẹn tọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé bọ́tìnì 20 lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sójú ogun, kí ó sì wúlò níbẹ̀, láìjẹ́ pé ó gba ipò lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ti ń yan ọfọ̀. Bí ó bá sì ti mọ́ ọn lára, kò sí ohun tí ó ní kí ó má kọ macro tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì náà, ìlà méjì bí ti oṣó, kí ó máa fúnra rẹ̀ gé ọfọ̀ mọ́ ọ̀tá lẹ́nu.